Ẹni Tí Kò Gbọ́ Ìpè Kì Í Ṣe Ìsáǹsá

Tí a bá gbọ́ lórí rédíò nílé pé adájọ́ ti ní kí ọlọ́pàá lọ gbé ẹnì kan wá sí kóòtù, gbajúmọ̀ tàbí olóṣèlú ni ẹni náà sábà máa ń jẹ́. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó rán lọ́yà wá pé ara òun kò yá, títí ọ̀rọ̀ fi sú adájọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ irú wáráǹtì bẹ́ẹ̀ fún ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣàfojúdi sí ilé ẹjọ́ ni. Ojú tí a fi ń wo ti ilé kọ́ ló yẹ ká fi wo ti Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, oríṣi wáráǹtì méjì wà tí kò yẹ kéèyàn dà pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni èyí tí ọlọ́pàá tọrọ lọ́wọ́ adájọ́, lẹ́yìn tó ti búra pé òun ní ẹ̀rí pé lágbájá ló hu ìwà ọ̀daràn kan. Èkejì ni èyí tí adájọ́ fúnra rẹ̀ kọ láti orí àga ìdájọ́, nítorí pé wọ́n pe orúkọ ẹnì kan lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, kò sì sí ẹni tó dáhùn. Ó lè jẹ́ pé ó sá lọ ni. Ó lè jẹ́ pé orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló wà, tàbí pé iṣẹ́ òru ló ti dé tí oorun fi gbé e lọ. Bákan náà ni ìwé tí wọ́n ń kọ fún gbogbo wọn, ewu tó sì ń bá a rìn kò yàtọ̀: ọjọ́ yòówù tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, wọ́n lè tì í mọ́lé.

Èkejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èrò mi ni pé káúńtì, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, tó lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ wáráǹtì fún ẹni tí kò yọjú jẹ ẹni náà ní gbèsè ọ̀nà tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀, láti mọ̀ pé wáráǹtì wà, àti láti wá yanjú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Mi ò sọ pé kí wọ́n má kọ wáráǹtì mọ́. Kóòtù tó bá ń pe èèyàn tí èèyàn kò jẹ́ ẹ lóhùn ti di ilé lásán. Ohun tí mò ń sọ ni pé, bí a bá fara balẹ̀ wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí ìwé yẹn sọ di ìsáǹsá kò sá fún ẹnikẹ́ni. Ìpè ni kò dé etí wọn, tàbí ó dé etí wọn kò yé wọn, tàbí ó yé wọn yékéyéké ṣùgbọ́n owó ìtanràn kò sí lọ́wọ́, ẹ̀rù sì wá mú wọn jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ ká mú káúńtì kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá: Harris, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí Houston wà. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀, nítorí Houston wà lára àwọn ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní orílẹ̀-èdè yẹn. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka èèyàn 4,731,145 ní Harris. Káúńtì méjì péré, Los Angeles àti Cook tí Chicago wà, ló ní èèyàn jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wáráǹtì ń dúró de òun níbẹ̀ máa rò pé ojú kan ni òun máa wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù tí wọ́n ń pè ní District Clerk, ó sì ní ìkànnì tirẹ̀. Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ kò ju owó ìtanràn lọ, irú bíi ti ìwakọ̀, bó bá jẹ́ pé ọmọọṣẹ́ ṣẹ́rífù, olórí ọlọ́pàá káúńtì, ló fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì, á wà ní ọ̀kan nínú kóòtù Justice of the Peace 16 tó wà káàkiri àgbègbè mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá Houston ni, ó di kóòtù ìlú Houston. Bí èèyàn bá sì ti wakọ̀ wọ Pasadena tàbí Bellaire láìmọ̀ pé òun ti kúrò ní Houston, àwọn náà ní kóòtù tiwọn. Èèyàn lè wo ibi mẹ́ta kó má rí nǹkan kan, kí wáráǹtì wà ní ibi kẹrin. Orúkọ tí wọ́n ń pè é gan-an kò dọ́gba. Ohun tí ìpínlẹ̀ mìíràn ń pè ní bench warrant, Texas lè pè é ní capias. Bó bá jẹ́ pé èèyàn kò yọjú rárá lórí tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè pè é ní alias warrant. Bí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ tán tí owó ìtanràn kò wọlé, ó di capias pro fine. Ẹni tó bá ń fi orúkọ kan ṣoṣo wá a lè jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó sì dìde pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní káúńtì St. Louis ní Missouri, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ le jù báyìí lọ: ní ọdún 2014, kóòtù ìlú kéékèèké tó wà nínú káúńtì kan ṣoṣo yẹn tó nǹkan bí 80.

Orúkọ wa náà ń dá kún un. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé Funmi àti Oluwafunmilayo lè jẹ́ ẹnì kan náà. Ọlọ́pàá tó dúró létí títì lóru, tó ń fi iná ọwọ́ da orúkọ onílẹ́tà mẹ́rìnlá kọ láti orí láísẹ́ǹsì, bó bá fo lẹ́tà kan péré, orúkọ tí wọ́n kọ wáráǹtì sí kì í ṣe orúkọ tí onítọ̀hún máa tẹ̀ nígbà tó bá ń wá ara rẹ̀. Àwa tí wọ́n kọ́ nílé ìwé pé orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú, orúkọ wa lè dorí kodò nínú ìwé àwọn tó fi tiwọn sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá a gbọ́dọ̀ tẹ orúkọ náà síwá sẹ́yìn, kó sì tẹ gbogbo àṣìkọ tó lè ronú kàn.

Ti ọjọ́ ló wá burú jù. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ la kọ́kọ́ ń kọ kí a tó kọ oṣù. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣíwájú. Ẹ wo 05/06 lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Lójú ẹni tó dé láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ni. Lójú akọ̀wé kóòtù, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ni. Ẹni tó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, tó múra dáadáa, tó dé ẹnu ọ̀nà kóòtù ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, á bá a pé ó ti tó ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n ti lè máa wá òun. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́, àdírẹ́sì tó wà lórí láísẹ́ǹsì ló ń lọ, ìyẹn ilé ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ gbà á sílé, tó ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Láyé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́, ìlàrí ni ọba ń rán. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé ilé ẹni tí wọ́n ń pè, ojú ló fi ń rí i, baálé àti ará ilé á sì gbọ́. Mi ò sọ pé ìdájọ́ ayé ìgbà yẹn sàn ju ti òde òní lọ. Ẹ̀rù ìlàrí ń ba mẹ̀kúnnù, ó sì nídìí tó fi ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pè mọ̀ dájú pé wọ́n pe òun.

Ẹnì kan lè ní ta ló sọ fún mi pé àìgbọ́ ló fà á, kì í ṣe orí kunkun. Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìdáhùn sì wà nílẹ̀. Ní ọdún 2020, ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ ìwádìí Alissa Fishbane, Aurélie Ouss àti Anuj Shah jáde, lórí àwọn tí wọ́n ń pè sí kóòtù ní New York fún ẹ̀sùn kéékèèké. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n wò kò ju ìwé ìpè tí wọ́n tún tò lọ. Lórí ti àtijọ́, ọjọ́ àti ibi tí èèyàn máa yọjú sí wà nísàlẹ̀, lábẹ́ òkìtì ọ̀rọ̀ òfin. Wọ́n gbé e lọ sókè, wọ́n sì kọ ọ́ kedere pé ẹni tí kò bá wá, wọ́n á kọ wáráǹtì fún un. Nítorí èyí nìkan, àìyọjú fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Wọ́n tún ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ṣáájú ọjọ́ náà, ìyẹn sì mú kí ó fi ìdá 21 dín kù. Ìṣirò wọn ni pé láàárín ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 30,000 wáráǹtì ni wọn kò kọ mọ́ nítorí ìwé tí wọ́n tún tò àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí fóònù. Ní káúńtì Santa Clara ní California, níbi tí Google fi ṣe ibùjókòó, àwọn onímọ̀ wo àwọn tí lọ́yà ìjọba ń gbèjà. Nínú àwọn tí wọn kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ bench warrant fún. Nínú àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ìdá 9.7. Ní káúńtì Jefferson ní Colorado, tipẹ́tipẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ohùn èèyàn ni wọ́n lò: òṣìṣẹ́ kan á pe olúkúlùkù lórí fóònù, á rán an létí. Àìyọjú já láti ìdá 21 sí ìdá 12.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tó ti pinnu láti sá fún adájọ́ kò ní torí pé fóònù rẹ̀ dún kó yí ọkàn padà. Gbogbo ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ mú wá sí kóòtù jẹ́ ẹni tí ìjọba ìbá ti kà mọ́ ìsáǹsá láìjẹ́ pé ó sá. Àwọn olùwádìí New York yẹn tún rí i pé ará ìlú máa ń gbà pé ẹni tí kò yọjú mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, àti pé èrò yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ ti ètò ìrántí lẹ́yìn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kò rò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń dìbò yan ṣẹ́rífù, tó sì ń dìbò yan adájọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ni èrò wọn jìnnà sí òótọ́ jù. Mo gbà pé ìdá 21 kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó gbọ́ tí wọn kò wá. Àmọ́ nínú àwọn yẹn náà, ká tó pè wọ́n ní olórí kunkun, ó yẹ ká wo àpò wọn.

Àpò ọ̀hún la rí nínú ìròyìn tí Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2015 lórí Ferguson, ìlú kan nínú káúńtì St. Louis tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará ìlú náà kò ju nǹkan bí 21,000 lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ó lé ní 16,000 èèyàn tí kóòtù kékeré yẹn ti kọ wáráǹtì fún tí wọn kò tíì yanjú. Gbogbo wọn kọ́ ló ń gbé níbẹ̀, púpọ̀ wọn kàn ń wakọ̀ kọjá ni, ṣùgbọ́n iye náà tó láti múni dákẹ́. Ìròyìn náà sọ ti obìnrin kan tó gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ ní ọdún 2007. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n fún un, owó ìtanràn 151 dọ́là pẹ̀lú owó mìíràn tí wọ́n fi lé e. Kò ní in. Ìgbà kan wà tí kò tilẹ̀ ní ilé lórí. Bí ó ṣe ń pa ọjọ́ kóòtù jẹ, tí kò sì rí owó san, wọ́n fi ẹ̀sùn àìyọjú méje kún un. Wọ́n mú un lẹ́ẹ̀mejì, ó sùn sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó san 550 dọ́là lápapọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ó ṣì jẹ 541. Èyí tí mi ò lè gbàgbé nínú rẹ̀ ni pé ó gbìyànjú láti máa san án díẹ̀díẹ̀: ó fi 25 dọ́là ránṣẹ́, ó tún fi 50 ránṣẹ́, kóòtù dá a padà fún un, wọ́n ní àfi kó san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ń sá fún ta níbẹ̀? Ẹni tó ń fi 25 dọ́là ránṣẹ́ sí kóòtù nígbà tí kò rí gbogbo owó náà, ńṣe ló ń rọ́jú, ó ń wá bí òun ṣe máa jáde nínú wàhálà. Kóòtù ló ti ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ òfin kò fàyè gba pé kí wọ́n fi àìní ti èèyàn mọ́lé. Láti ọdún 1971 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà ti sọ èyí nínú ẹjọ́ Tate, Houston gan-an ni ẹjọ́ náà sì ti wá: ọkùnrin kan jẹ 425 dọ́là owó ìtanràn ìwakọ̀, kò rí i san, wọ́n ní kó lọ fi 85 ọjọ́ ṣiṣẹ́ lóko ẹ̀wọ̀n, dọ́là márùn-ún lójúmọ́. Ilé ẹjọ́ ní kò bófin mu. Ní ọdún 1983, nínú ẹjọ́ Bearden, wọ́n fi kún un pé adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹni náà kò fẹ́ san ni tàbí kò rí san. Ó gbà tó ọdún 2017 kí Texas tó ṣòfin pé, kí wọ́n tó kọ wáráǹtì fún ẹni tí kò yọjú nígbà àkọ́kọ́ lórí ẹ̀sùn olówó ìtanràn, kóòtù gbọ́dọ̀ ti fi fóònù tàbí lẹ́tà sọ ọjọ́ tuntun fún un, àti pé kí wọ́n tó kọ capias pro fine, kí wọ́n gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ nípa owó. Láti 1971 dé 2017 kì í ṣe ọdún díẹ̀.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ó ní òfin ni òfin. Ẹni tó gba àyè níbi iṣẹ́, tó wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá, tó san owó rẹ̀, kí ni èrè tirẹ̀ bí a bá ń tún ọ̀nà ṣe fún ẹni tí kò wá? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, agbẹjọ́rò àgbà àgbègbè mẹ́rin ní New York, ìyẹn Manhattan, Brooklyn, Bronx àti Queens, ní kí kóòtù fagi lé nǹkan bí 644,000 wáráǹtì tó ti pé ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Staten Island kọ̀. Ó ní ìwà àìtọ́ ni sí àwọn tó jẹ́ ìpè. Mi ò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Fífagi lé e lẹ́ẹ̀kan náà bẹ́ẹ̀ kò yanjú ẹjọ́ kankan. Ńṣe ló gbá a dànù, ó sì fi hàn pé ìlú náà ti fi ọdún mẹ́wàá sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bèèrè kì í ṣe ìdáríjì. Ẹni tó bá rí wáráǹtì ara rẹ̀ lórí ìkànnì, tó wá fúnra rẹ̀, á ṣì dúró níwájú adájọ́, á ṣì dáhùn ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, á sì san ohun tó yẹ kó san. Ohun tó kàn kúrò ni òru ọjọ́ kan nínú àtìmọ́lé tí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò béèrè fún. Ẹni tó wá lásìkò kò pàdánù nǹkan kan níbẹ̀.

Àtakò kejì wúwo jù ú lọ. Nínú àwọn tí wáráǹtì wà fún, àwọn eléwu wà, àwọn tí ẹ̀sùn wọn jẹ́ ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, lílu ìyàwó. Bí a bá ṣí ìwé sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn máa wo ara wọn, ṣé àwọn yẹn kò ní sá? Ní Cleveland, káúńtì Cuyahoga ní Ohio, ọkùnrin kan tí wọ́n ti kọ wáráǹtì fún yìnbọn pa ọlọ́pàá ní ọdún 2000, nígbà tí ọlọ́pàá náà dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó rọrùn láti fi ìyẹn ṣe ìdí láti gbógun ti gbogbo ẹni tó ní wáráǹtì. Ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ilé ẹjọ́ àpapọ̀ níbẹ̀, Peter Elliott, gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ó bá ìjọ Onítẹ̀bọmi Mount Sinai sọ̀rọ̀, wọ́n gbé adájọ́, akọ̀wé àti lọ́yà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní wáráǹtì máa bọ̀. Ó lé ní 800 èèyàn tó wá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn ni ẹ̀sùn wọn jẹ́ èyí tó wúwo, kì í ṣe ti ìwakọ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, kò sí ẹni tó yìnbọn, ọ̀pọ̀ jù lọ sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Mo ń ro ó lọ́pọ̀ ìgbà: àwọn adájọ́ kan náà, òfin kan náà, ilẹ̀kùn ló yí padà. Ẹni tí kò lè gbójú wọ àgọ́ ọlọ́pàá gbójú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ààbò ọlọ́pàá gan-an wà níbẹ̀, torí èèyàn tó ti yanjú wáráǹtì rẹ̀ kò ní ìdí láti sá tàbí láti jà nígbà tí iná ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀ lóru. Ní ti àwọn eléwu gidi, kò sí ohun tó ní kí káúńtì gbé orúkọ wọn sójútáyé. Wáráǹtì tí ọlọ́pàá ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní ìkọ̀kọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò yọjú fún iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kú.

Texas ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti ọdún 2007, lọ́dọọdún bí oṣù kejì bá ti ń parí lọ, ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ máa ń kéde pé àwọn fẹ́ ṣọdẹ àwọn tó ní wáráǹtì. Wọ́n á fún wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti wá sanwó, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá á máa lọ sí ilé àti ibi iṣẹ́. Owó ń wọlé, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló ń ti àwọn èèyàn wá, ìbẹ̀rù kan náà sì ni àwọn gbájúẹ̀ ń jẹ lára rẹ̀. Wọ́n á pe èèyàn lórí fóònù, wọ́n á ní ọmọọṣẹ́ ṣẹ́rífù làwọn, pé ó ní bench warrant nítorí pé kò wá ṣe jury, iṣẹ́ tí kóòtù ń pe ará ìlú sí láti bá a gbọ́ ẹjọ́, pé kó lọ ra gift card kó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn kí ọlọ́pàá tó dé. Kò sí kóòtù kan ní Amẹ́ríkà tó ń gba gift card. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti lè wo orúkọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsanwó, láìbẹ̀rù, kò ní bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ibi tí ìjọba bá ti sọ ọ̀rọ̀ di awo, ibẹ̀ ni gbájúẹ̀ ti ń ṣe babaláwo.

Fún ẹni tó ń ka èyí, tí ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, bó ṣe ń yanjú rèé. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn olówó ìtanràn, kó pe akọ̀wé kóòtù tó fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì náà, kó bèèrè bóyá wáráǹtì wà, kó sì bèèrè ọjọ́ tí òun lè wá fúnra òun. Kóòtù ìlú Houston ní ìlànà kan tó ń jẹ́ Safe Harbor: ẹni tó bá wá fínnúfíndọ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò ní mú un níbẹ̀. Bí owó kò bá sí, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́ lójú ara rẹ̀, kó mú ìwé owó oṣù tàbí ìwé iyàrá tó ń háyà dání. Ọ̀nà sísan díẹ̀díẹ̀ wà, iṣẹ́ ìlú dípò owó sì wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n, kó má dá lọ. Lọ́yà ló máa kọ̀wé sí adájọ́ pé kó fagi lé wáráǹtì náà, kó dá ọjọ́ tuntun. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì dúró dáadáa, kó rí lọ́yà tó mọ òfin àwọn àlejò kó tó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ̀sùn náà ì báà kéré. Àìsàn ló dá èèyàn dúró? Ìwé ilé ìwòsàn tó ní ọjọ́ lórí ni ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó.

Nígbà tí adájọ́ bá sì ti fagi lé e, kéèyàn má tíì kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó fi ọ̀kan sínú ọkọ̀. Kì í ṣe àṣejù. Ní ọdún 2004, ní káúńtì Coffee ní Alabama, ọlọ́pàá kan rí ọkùnrin kan tó mọ̀ rí, ó ní kí akọ̀wé bá òun wo bóyá wáráǹtì wà fún un. Kò sí ní Coffee. Wọ́n pe káúńtì Dale tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Akọ̀wé ibẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó ní ó wà, ti àìyọjú sí kóòtù ni. Ọlọ́pàá tẹ̀ lé ọkọ̀ ọkùnrin náà, ó mú un, ó sì rí oògùn olóró lára rẹ̀ àti ìbọn nínú ọkọ̀. Lọ́fíìsì Dale, akọ̀wé ti dìde láti lọ mú ìwé wáráǹtì náà jáde kó lè fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́. Ó wá a níbi tí wọ́n ń kó o sí, kò rí i. Ó pe kóòtù. Wọ́n ní wọ́n ti gba wáráǹtì yẹn padà láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ẹnì kan ló gbàgbé láti pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè títí di ìgbà tí wọ́n pè padà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọdún 2009, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní àṣìṣe lásán ni, pé ìjọba lè lo ohun tí wọ́n rí. Ìwé tí akọ̀wé Dale ń wá kò sí nínú fáìlì, torí kóòtù ti gbà á padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpè rẹ̀ fi máa dé Coffee, wọ́n ti mú ọkùnrin náà.